Wọ́n ti fi yín jẹ HOD: àwọn àṣìṣe tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ìjọba, oyè HOD, ìyẹn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan, kì í fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù. Iṣẹ́ ló máa ń fi kún iṣẹ́. Pírínsípà ń retí èsì WAEC tó dáa lọ́wọ́ yín, àwọn olùkọ́ ẹ̀ka yín náà sì ń ṣọ́ yín, bóyá ẹ̀yìn wọn lẹ ó wà tàbí ẹ ó di amí ọ̀gá. Àṣìṣe tó ń mú ọ̀pọ̀ HOD tuntun ni pé wọ́n rò pé kí ìwé ṣáà ti pé ni iṣẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń rí gbà ní kíláàsì ẹlòmíì ni wọ́n ní kí wọ́n mójú tó.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ lesson note, ìwé tí olùkọ́ fi ń múra ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwé á kún orí tábìlì, HOD á fa bírò pupa yọ, á sì ti fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ kí agogo ìsinmi tó lù. Kò ka ẹyọ kan. Olùkọ́ tó bá ti mọ̀ pé ẹ kì í kà á, ti èṣí ni yóò dà kọ, déètì nìkan ni yóò yí padà. Ó sàn kí ẹ ka méjì tinútinú lọ́sẹ̀, kí ẹ sì lọ jókòó lẹ́yìn kíláàsì ẹni tó kọ ọ́. Àmọ́ ẹ sọ fún un ṣáájú o! HOD tó ń yọ́ wọlé bí ọlọ́pàá tó ń wá olè kò ní rí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀, ìbẹ̀rù ni yóò rí. Bí olùkọ́ bá sì ṣì nǹkan kọ sójú pátákó, ẹ má ṣe tọ́ka sí i lójú àwọn ọmọ. Ẹ kọ ọ́ sínú bébà kékeré, ẹ fi lé e lọ́wọ́, kí ó fẹnu ara rẹ̀ tún un ṣe.

Ẹni tó jù yín lọ lọ́jọ́ orí ńkọ́? Àwọn kan máa ń bẹ̀rù Màmá débi pé wọn kì í yà sí kíláàsì Màmá rárá. Àwọn mìíràn á máa fi oyè halẹ̀, Màmá á sì dákẹ́, wọ́n á kàn fọwọ́ lẹ́rán. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka ìṣirò, ẹ tọ Màmá lọ kí ìpàdé ẹ̀ka tó bẹ̀rẹ̀: “Mà, ẹ̀yin lẹ ti ń bá wọn ṣe jiọ́mẹ́tírì bọ̀ látọjọ́ yìí. Ibo gan-an ló máa ń dá àwọn ọmọ lọ́nà?” Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ẹ̀ka. Ìyẹn ò ní kí ẹ má béèrè pé ibo ni wọ́n dé nínú scheme of work, ètò ohun tí wọ́n máa kọ́ ní táàmù, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni bí wọ́n ṣe ń pín kíláàsì. HOD á kó SS3 sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á sì ju JSS1 sí àgùnbánirọ̀. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ìdá kò yé ní JSS1, òun náà ni ẹ ó tún bá ní SS3, ìdá náà kò sì ní tíì yé e. Ọdún kan péré sì ni àgùnbánirọ̀ fi ń sìn, ó lè parí láàárín táàmù. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló mú SS2, tí kò kọ diary, ìwé tí olùkọ́ ń kọ ohun tó ti kọ́ sí, ta ni yóò mọ ibi tó bá ẹ̀kọ́ dé? Ẹ fi í ti olùkọ́ tó máa pẹ́ níbẹ̀.

Bí èsì WAEC bá jáde, kíkà ni wọ́n máa ń ka iye ọmọ tó gba C6 sókè, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìjà. WAEC a máa gbé ìròyìn àwọn ọ̀gá olùdánwò jáde lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń sọ ibi tí àwọn ọmọ ti kùnà níbẹ̀. Ní ti ìṣirò, ìbéèrè tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀ kì í wọ́n níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni jiọ́mẹ́tírì. Ọ̀fẹ́ ni ìròyìn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n HOD mélòó ló ń ṣí i? Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ scheme of work yín kí wọ́n tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń gbé lọ sí ọ́fíìsì pírínsípà. Olùkọ́ tó pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ bá a sọ ọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ máa gbé lọ ni pé kò sí ẹni tó ń kọ́ SS2 B, tàbí pé ìwé tí àwọn ọmọ ń lò kò kárí. Bí wọ́n bá ní kò sówó, ẹ padà wá sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an, torí HOD tó bá dákẹ́, wọ́n á gbà pé kò dé ọ̀hún rárá.