Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ pàgọ́ sínú igbó kìjikìji, ẹ má fi ọ̀sán nìkan wá ẹranko o. Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jáde. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín gan-an, kì í ṣe níbàdí. Ìgbà yẹn lẹ máa rí i tí ojú wọn ń dán padà. Èyí tó ń tàn bí ẹ̀kán ìrì lórí ewé gbígbẹ, aláǹtakùn ni. (Èmi rò pé ìrì ni lóòótọ́, àfi ìgbà tó rìn!) Ẹ má tanná sí wọn lójú pẹ́. Tó bá di àárọ̀, ẹ gbọn bàtà yín dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, torí àkeekèé.