Ẹ Má Tíì Sin Màlúù Yẹn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Owó Ìrànwọ́ Àjálù

Ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2024 ni iná Smokehouse Creek ṣẹ́ yọ ní káńtì Hutchinson, ní apá àríwá Texas tí wọ́n ń pè ní Panhandle. Ó jó wọ káńtì Hemphill, ó jó dé Oklahoma. Ilẹ̀ tó jóná lé ní mílíọ̀nù kan éékà, àwọn aláṣẹ Texas sì ṣírò màlúù tó kú sí ohun tó lé ní 7,000. Ìjọba àpapọ̀ ní owó ìrànwọ́ fún irú àjálù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹlẹ́ran bá ṣe ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ lè mú kí owó náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ti ra ilẹ̀ oko ní Texas, tí ẹ ń sìn ewúrẹ́ tàbí màlúù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Àṣìṣe tó burú jù ni kíkánjú sin òkú ẹran. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Òkú á wú, á máa rùn, ẹni tó ní katakata á sì ti dúró pé kí òun gbẹ́ kòtò. Ẹ ní kó ní sùúrù. Ẹ ya fọ́tò òkú kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà etí rẹ̀ hàn. Bí iná bá ti yọ́ nọ́ńbà náà, ẹ ya àmì tí ẹ fi irin gbígbóná tẹ̀ sí i lára. Ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: abo mélòó, akọ mélòó, ọmọ mélòó, báwo ni wọ́n ṣe tóbi tó. Ẹ pe dókítà ẹran tàbí ẹlòmíì tí kò nípìn-ín nínú oko yín wá kà á. Lẹ́yìn náà ni kí katakata wọlé.

LIP ni wọ́n ń pe ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó ẹran tó kú, ọwọ́ ọ́fíìsì FSA (ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀) tó ń bójú tó káńtì yín ló sì wà. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba gbé lé irú ẹran bẹ́ẹ̀ ló ń san, kì í ṣe iye tí ẹ rà á. Wọ́n á béèrè ẹ̀rí pé ẹran kú, wọ́n á tún béèrè ẹ̀rí pé ó wà láàyè tẹ́lẹ̀, èyí sì ló ń dá ọ̀pọ̀ padà. Ẹ̀rí náà lè jẹ́ rìsíìtì, ìwé dókítà tàbí ìwé báńkì. Ẹran tí ẹ ń sìn fún jíjẹ nínú ilé nìkan kò sí nínú rẹ̀.

Èyí tí kò kú ńkọ́? Abo tí iná jó lọ́mú kò ní lè fún ọmọ lọ́mú mọ́. Ẹlẹ́ran á tà á ní pọ́ọ́kú, á ní ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀rọ̀ kò parí o! LIP lè san lórí ẹran tí àjálù ṣe léṣe tí ẹ sì tà lówó tó wálẹ̀. Ẹ má sọ ìwé ọjà náà nù.

Ní ti ọgbà wáyà, ECP, ètò ìjọba tó ń ṣèrànwọ́ láti tún ohun tí àjálù bà jẹ́ lóko ṣe, lè san tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó àtúnṣe, àmọ́ ẹ béèrè ní FSA kí òpó kankan tó wọlẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i lè di ti àpò yín.

Àwọn kan ń tọ LFP, ètò ìrànwọ́ lórí pápá ìjẹko, lọ nítorí pápá tó jó. Tó bá jẹ́ ti iná, ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń mójú tó nìkan ni LFP mọ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ aládàáni ló pọ̀ jù ní Panhandle. ELAP, ètò ìrànwọ́ pàjáwìrì mìíràn fún àwọn ẹlẹ́ran, ni kí ẹ béèrè.

Bí mínísítà ètò ọ̀gbìn bá sì kéde pé káńtì yín wà nínú àjálù, ẹ má rò pé ó ti di owó ọ̀fẹ́. Ẹ̀yáwó ni ìkéde yẹn ń ṣílẹ̀kùn fún, ó sì ní èlé. LIP ò dúró de ìkéde kankan.

Ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí ọdún tí ẹran kú bá parí ni LIP ń tìlẹ̀kùn. Ẹni tí kò tíì ní nọ́ńbà oko ní FSA á kọ́kọ́ máa sáré ìwé ìyẹn kiri nígbà tí ọjọ́ ti ń lọ. Ẹ lọ gba tiyín lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí koríko ṣì tutù.