Ìgbà wo ló ń ké? Bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó bàjẹ́ lábẹ́ mọ́tò

Mọ́tò mi ń ké lábẹ́. Mẹkáníìkì kan n'Ífẹ̀ wò ó lóòró, ó ní kí n lọ ra giabọ́ọ̀sì. Kò wà á, kò sì bi mí pé ìgbà wo gan-an ló ń ké. Bíárìn ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, ohun tí táyà fi ń yí, ló bàjẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi ná.

Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tí èrò ò sí. Ẹ yí síárìn dé òpin, kí ẹ fi gíà kìíní rọra tẹná, kí mọ́tò máa yípo. Bó bá ń ké kẹ́-kẹ́-kẹ́, orí ṣáàfùtù (irin tó ń gbé agbára láti giabọ́ọ̀sì lọ sí táyà) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo rọ́bà tó bò ó. Bó bá ti ya, gíríìsì á ti ta sára rímù, iyanrìn á sì ti wọlé. Rọ́bà tó ya tí orí ṣáàfùtù ò tíì ké, ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀, torí owó rọ́bà kéré púpọ̀ sí ti ṣáàfùtù. Àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje kì í fi rọ́bà yìí ṣeré rárá: táyà tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ooru ń fìyà jẹ orí ṣáàfùtù. Ti wa n'Ífẹ̀, kòtò àti ẹrù àpọ̀jù ló ń ṣe é.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń lọ tààrà tí ẹ sì tẹná ló ń gbọ̀n, tó ń dákẹ́ bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, orí ṣáàfùtù ti inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ giabọ́ọ̀sì, ni kí ẹ fura sí.

Ẹ wá bọ́ sí títì Iléṣà, níbi tó dán díẹ̀ (ẹ máa wá a o!). Bó bá ń hùn bí oyin, tí ohùn náà ń ròkè bí eré ṣe ń pọ̀, ẹ rọra yà sí òsì. Bó bá pariwo sí i, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni bíárìn ti ń bàjẹ́, torí ibẹ̀ ni ẹrù mọ́tò tẹ̀ sí. Ẹ jáàkì í, ẹ mú táyà lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín. Kò gbọdọ̀ yẹ̀. Àmọ́ táyà tó jẹ lọ́nà òdì náà ń hùn, ẹ fi tiwájú ṣe tẹ̀yìn kí ẹ tó náwó.

Mánúà tí ẹ́ńjìnnì ń ké tí eré ò pọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì, tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ giabọ́ọ̀sì, ni. Ẹ fa háńdì bíréèkì, ẹ fi gíà kẹta, ẹ rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú. Ẹ má dán an wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ìdánwò náà ń jẹ ẹ́ sí i.

Ọtomátíìkì tó ń gbá gbàm̀ bí ẹ bá fi rìfáàsì, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì síìtì, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé.

Giabọ́ọ̀sì ló gbẹ̀yìn. Ẹ tú ọ́ìlì rẹ̀ sínú ike, ẹ wo nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú dúdú bíi gíríìsì kò burú. Bó bá jẹ́ pé ẹ fi èékánná mú èérún irin níbẹ̀, ẹ lè wá máa bèèrè iye tí giabọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ jẹ́.