Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú dídá ayé àti ọ̀run inú géèmù

Mo ní ìwé kan tí mo fi ya ọ̀run mẹ́sàn-án, ìpele lórí ìpele, tí mo kọ orúkọ òrìṣà tó jọba ní ìpele kọ̀ọ̀kan sí i, tìyàwó tọmọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Géèmù orí tábìlì ni mo ṣe é fún, irú èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe akọni kan nínú ìtàn, tí dáìsì sì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Lọ́jọ́ tí a jókòó yí tábìlì ká láti ṣeré nínú ayé náà, wákàtí kan kò tíì pé tí dáìsì fi pa àbúrò ọ̀kan nínú àwọn akọni wa. Ẹni tó ń ṣe akọni náà gbé dáìsì sílẹ̀, ó wò mí, ó ní: "Bọ̀dá, báwo ni wọ́n ṣe ń sin òkú níbí? Ṣé ó ṣì ń gbọ́ wa?" Mo ṣí ìwé mi lọ, mo ṣí i bọ̀. Ìdáhùn kò sí níbẹ̀.

Òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀, òkè náà sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ará ìsàlẹ̀ ń ṣe nítorí ohun tó gbà pé ó wà lókè ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ: kí ni wọ́n fi ń búra, kí ni wọ́n ń ṣe bí ọmọ bá kú? Ẹ wo orúkọ àbíkú. Ẹni tó gbọ́ Málọmọ́, Dúrójayé àti Kòsọ́kọ́ ti mọ̀ pé ọmọ lè lọ kó tún padà, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń retí rẹ̀ lọ́run, pé òbí lè bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì lè sọ fún un pé ọkọ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ilẹ̀ ti tán. Orúkọ mẹ́ta péré nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì ya àwòrán ọ̀run kankan.

Ẹ má sì gbé ọ̀run ẹlòmíràn wọ ayé yín láìmọ ìdí tó fi rí bó ṣe rí. Nínú Dungeons & Dragons, géèmù irú tiwa yìí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, a mọ àwọn ọ̀run tí wọ́n tò yíká bí àgbá kẹ̀kẹ́. Òfin eré ló bí àgbá yẹn: akọni kọ̀ọ̀kan ń mú ìwà kan nínú mẹ́sàn-án, láti rere dé búburú, láti ẹni tó ń tẹ̀lé òfin dé ẹni tí òfin kò ká mọ́, ọ̀run sì wà fún ìwà kọ̀ọ̀kan. Bí òfin yìí kò bá sí nínú géèmù yín, kí ni àgbá ọ̀hún ń ṣe níbẹ̀? Àwọn tó ni ín gan-an pa á tì nínú ẹ̀dà kẹrin ní 2008, kí wọ́n tó dá a padà nínú ẹ̀dà karùn-ún ní 2014.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Èṣù. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, Èṣù ni wọ́n fi pe ọ̀tá Ọlọ́run. Títí dòní, ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ fi òrìṣà ṣe géèmù á fi ìwo sí Èṣù lórí, á sì kó ọmọ ogun òkùnkùn fún un. Bẹ́ẹ̀ nínú Ifá, òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Oríta ni ilé rẹ̀. Ní Cuba àti Brazil, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó kí òrìṣà yòókù. Ẹ wo irú ẹni tí ìyẹn fi sínú eré yín: ẹni tí akọni kò lè pa, tí kò lè yẹ̀ sílẹ̀ fún, tí gbogbo ẹ̀bẹ̀ akọni ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, tó sì gbọ́dọ̀ gba ìpín tirẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀tá, wọ́n á fi idà gún un, eré á parí.

Ẹ yẹra fún ìtàn ìṣẹ̀dá kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú gbà. Ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ní ẹmu pa Ọbàtálá, Odùduwà sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ àti àkùkọ. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tó jáde ní 1921, tó kó ìtàn Ọ̀yọ́ jọ, Mẹ́kà ni Odùduwà ti wá. Ìtẹ́ ọba wà nídìí irú ìtàn báyìí. Ẹ jẹ́ kí ìlú méjì inú géèmù yín jà lé e lórí, kí ẹ̀yin fúnra yín má sì dájọ́.

Ní ìjókòó wa tó tẹ̀ lé e, ojú ewé kan péré ni mo mú wá. Omi tútù ni wọ́n fi ń wẹ òkú níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ló ń gbé àbúrò dé ibojì, òkú a sì máa gbọ́ ohùn ará ilé fún ọjọ́ méje, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá purọ́. Ọ̀rẹ́ wa kò fọwọ́ kan dáìsì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀.