Fídíò Tó Lè Bá Àdúgbò Rojọ́

Fídíò ìgbéyàwó ni mo fi ń jẹun n'Íbàdàn. Òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 gbé afárá Apẹ́tẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo gbé kámẹ́rà, mo ya wákàtí méjì gbáko. Ìgbà tí mo wò ó nílé, ariwo, ẹrẹ̀ àti ẹsẹ̀ èèyàn ni mo rí. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá Apẹ́tẹ̀ ni àbí Bódìjà. Àtìgbà náà ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún lákọ̀tun: bí èèyàn ṣe ń ya fídíò tó lè jẹ́rìí fún àdúgbò.

Kẹ́ ẹ tó yọ fóònù, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kó wò ó, àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe. "Kí ìjọba gbọ́" kò tó. Ní àdúgbò tiwa, ihò omi abẹ́ títì ló kéré jù, a sì fẹ́ kí káńsù fi èyí tó fẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó parí.

Ẹ di fóònù mú ní ìbú, kì í ṣe ní òró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo ayé mọ̀: pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, tiransifọ́mà, ilé tó wà níkòríta. Ẹ fẹnu yín sọ ọjọ́, aago, àti ibi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ wá máa rìn lọ sídìí gọ́tà láì dá fídíò dúró, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ já a so. Níbi tẹ́ ẹ bá ti dúró, ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú kẹ́ ẹ tó yísẹ̀. Ọwọ́ tó ń wárìrì ló ba tèmi jẹ́ lọ́dún náà.

Ẹ wá ohun tí wọ́n lè fi wọn ọ̀rọ̀ yín. Ìyá aránṣọ kan ló yọ téèpù lọ́rùn, ó nà án láti ilẹ̀ dé àmì ẹrẹ̀ lára ògiri yàrá rẹ̀: íńṣì 31. Mo sún mọ́ ọn títí nọ́ńbà fi hàn ketekete. Téèpù yẹn sọ ju ẹkún èèyàn mẹ́wàá lọ.

Tó bá kan ká fọ̀rọ̀ wá àgbà lẹ́nu wò, ẹ kọ́kọ́ kí wọn, kẹ́ ẹ jókòó. A kì í na fóònù sójú àgbà ká tó kúnlẹ̀. Ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. "Kí lẹ rí?" ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹ má dáhùn "ẹn-ẹ́n". Orí ni kẹ́ ẹ máa mì.

Mo ṣe àṣìṣe kan tó ṣì ń dùn mí. Obìnrin kan sọ̀rọ̀ nípa ilé tó háyà. Mo bo ojú rẹ̀, mi ò bo kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Onílé mọ kọ́tìnì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi fún un ní kúìtì nótíìsì. Ọwọ́ ni mo máa ń yà báyìí, mo sì ń fi fídíò han ẹni tó sọ̀rọ̀ kó tó jáde. Tó bá ní kí n yọ ọ́, mo yọ ọ́, ì báà jẹ́ ibẹ̀ ló dùn jù.

Ẹ má fi WhatsApp ṣe àpótí. Ó ń fún fídíò pọ̀, ó sì ń nu ọjọ́ àti aago tó wà nínú fáìlì. Ẹ fi ojúlówó sílẹ̀ nínú fóònù, kẹ́ ẹ da á kọ sí mẹ́mọ́rì méjì nínú ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ máa gé. Tó bá máa dé kọ́ọ̀tù, abala 84 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ń béèrè ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: fóònù wo, ta ló yà á, ìgbà wo lẹ dà á kọ. Lọ́yà yóò mọ ìyókù.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ń wò ó nínú bọ́ọ̀sì láìṣí ohùn.

Àdúgbò ni kó kọ́kọ́ wò ó. Aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun la ta sára ògiri; baba kan pariwo pé apá òsì ni ihò omi wà, kì í ṣe ọ̀tún tí mo kọ. Mo tún un ṣe. Ìgbà mẹ́ta la gbé e lọ sí káńsù, pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ ní òǹtẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnjiníà ní kí n dá a dúró níbi téèpù. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó yọ bírò.