Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Bátìrì Tó Kú Nínú Sẹ́ńsọ̀ Táyà

Sẹ́ńsọ̀ táyà ni ẹ̀rọ kékeré inú táyà tó ń sọ fún ọkọ̀ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ kọ́kọ́ wo bí iná táyà orí dáṣíbọọ̀dù ṣe ń tàn. Bí ẹ bá ṣíná mọ́tò, tí iná náà tàn tí kò ṣẹ́jú rárá, afẹ́fẹ́ táyà kan ló ti lọ sílẹ̀. Ẹ fi gééjì wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fún un ní iye tí wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Àmọ́ bó bá kọ́kọ́ ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan kó tó dúró, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kọ́ nìyẹn: ọkọ̀ ò gbúròó sẹ́ńsọ̀ kan mọ́ ni. Nínú tókúnbọ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ti 2008 sókè, bátìrì ló sábà máa ń fà á, torí ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ni bátìrì yẹn ń lò.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí kò ní sẹ́ńsọ̀ nínú táyà rárá. ABS, ìyẹn ẹ̀rọ bíréèkì tó ń ka bí táyà ṣe ń yí, ni wọ́n fi ń mọ̀ pé táyà ti rọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí rewáyà gbé ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́ńsọ̀ súnmọ́ ìdí fáàfù táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá dáhùn ni òkú. Bí ọ̀kan bá ti kú, ọjọ́ orí kan náà ni àwọn tó kù wà, ẹ kúkú ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń ra táyà tuntun ló dára jù, owó iṣẹ́ kan náà ni ẹ ó san.

Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni sẹ́ńsọ̀ ti sábà máa ń fọ́. Ẹ̀yìn fáàfù gan-an ló sábà máa ń wà, lórí ríìmù, nínú táyà. Ẹ sọ fún un kó tó gbé irin. Kó tú afẹ́fẹ́ dànù tán, kó bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹnu táyà kúrò lára ríìmù ní òdìkejì fáàfù, kí irin má sì súnmọ́ fáàfù ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí fáàfù, sẹ́ńsọ̀ á bọ́ sínú, ẹ mú un jáde. Bí fáàfù onírin náà bá ti hu funfun bí iyọ̀, tó sì ti jẹ, ẹ má fi bátìrì ṣòfò lórí rẹ̀.

Wọ́n ti da gọ́ọ̀mù bo bátìrì nínú ike sẹ́ńsọ̀ yẹn. Omiran rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, abẹ kékeré á wa á jáde. Omiran dúdú, ó le bí òkúta, díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ó máa họ ọ́. Ẹ má ti abẹ wọlé jìn, bọ́ọ̀dù (pátákó iná sẹ́ńsọ̀ náà) wà lábẹ́. Bí bátìrì bá yọjú, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ má baà ṣi ojú + àti − gbé, kí ẹ wá gé ẹsẹ̀ méjèèjì tó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Gígé ni o. Bí ẹ bá fà á, ojú bọ́ọ̀dù á ṣí tẹ̀ lé e.

Nọ́ńbà ara bátìrì ni ẹ ó fi ra tuntun. CR2032 fẹ̀ ní mílímítà 20, ó nípọn ní 3.2, CR2450 fẹ̀ ní 24.5, ó nípọn ní 5. Èyí tí wọ́n kọ HR sí lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀ ló ń gba ooru. Ti rìmóòtù lásán á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́, torí ooru bíréèkì àti ti ọ̀dà títì lọ́sàn-án kì í ṣe kékeré. Èyí tó ti ní ẹsẹ̀ lára láti ilé iṣẹ́ ni kí ẹ rà, ẹsẹ̀ yẹn ni ẹ ó jó lẹ́ẹ̀dì mọ́. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì kan ara bátìrì fúnra rẹ̀, ó lè bú gbàù. Kí ẹ tó jó o, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n: tuntun gbọ́dọ̀ kọjá 3 fóòtì.

Ẹ fi epòsì, ìyẹn gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì, dí i padà, kó gbẹ fún wákàtí 24. Ihò kékeré kan wà lára sẹ́ńsọ̀ tó fi ń mọ afẹ́fẹ́. Bí epòsì bá dí i, ẹ ti pa á nìyẹn, nítorí náà ẹ lẹ téèpù mọ́ ihò náà kí ẹ tó da epòsì, kí ẹ sì yọ téèpù náà lẹ́yìn tó bá gbẹ. Gọ́ọ̀mù sílíkóònù tó ń rùn bíi fínígà ò dára, ó ń jẹ bọ́ọ̀dù.

Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ lo rọ́bà ìdí fáàfù tuntun, kí ẹ mú nọ́ọ̀tì le níwọ̀nba, ẹ má fi agbára dè é. Táyà gbọ́dọ̀ gba báláǹsì, torí epòsì lè mú kí sẹ́ńsọ̀ wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ sẹ́ńsọ̀ kì í sábà pa rẹ́, ọkọ̀ á ṣì dá a mọ̀. Sẹ́ńsọ̀ tuntun ló nílò kí rewáyà fi nọ́ńbà rẹ̀ han ọkọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ mu: 315 MHz ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, 433 ni ti Yúróòpù. Ẹ má ra àlòkù. Bátìrì arúgbó náà ló wà nínú ẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ máa ń sùn bí ọkọ̀ bá dúró. Ẹ wà á fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí eré rẹ̀ ju 40 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, kí ẹ tó sọ pé iná náà kọ̀ láti kú.