Bí mo ṣe to TOF àkọ́kọ́ mi, àti argon tó ń yọjú tó ń wọlé
Nígbà tí mò ń ṣe PhD, mo fọwọ́ ara mi to time-of-flight mass spectrometer (TOF) kan, ẹ̀rọ tó ń fi àsìkò ìrìn mọ bí ohun tó wà nínú gáàsì ṣe wúwo tó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò le lẹ́nu: wàá fi electron lu gáàsì kí electron kan lè bọ́ lára ẹ̀, kó di ion tó ní iná lára, wàá fi iná tì í wọ inú páìpù tí ò ní afẹ́fẹ́, wàá wá ka àsìkò tó fi dé òpin. Èyí tó fúyẹ́ á kọ́kọ́ dé, èyí tó wúwo á máa wọ́ bọ̀. Páìpù tèmi gùn tó mítà 1, ion á sì ti gba iná bíi 2,000 volt kó tó wọ ibẹ̀, torí náà omi, tí ìwúwo ẹ̀ jẹ́ 18, ń lo bíi 6.8 microsecond (ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan), nitrogen, 28, bíi 8.5.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án, ohun tó wà lójú oscilloscope, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán bí ion ṣe ń dé, ò ṣe é fi han ọ̀gá mi. 28 ga fíofío, 32, ìyẹn oxygen, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé nìyẹn. Mo tú flange kan, ìyẹn ojú ìsopọ̀ páìpù, irun kan ló wà lórí òrùka bàbà ibẹ̀, irun orí èmi fúnra mi o! Mo pààrọ̀ òrùka, 32 lọ. Omi ló kù, mo we wáyà gbígbóná mọ́ ọn lára, mo yan án fọ́jọ́ méjì bí ẹni yan búrẹ́dì.

Èyí tó wá dà mí láàmú jù ni pé gbogbo peak, ìyẹn òkè ṣóńṣó tí ion kọ̀ọ̀kan ń yà, ló sanra. Mo ti ń bú detector, ẹ̀rọ tó ń gba ion lópin páìpù, kí n tó lọ jókòó ka ohun tí Wiley àti McLaren kọ ní 1955. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe ojú kan náà ni àwọn ion ti ń gbéra. Iná máa ń ti èyí tó wà lẹ́yìn pẹ́ ju ti iwájú lọ, á wá sáré jù ú, á lé e bá lọ́nà, ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ẹnu detector gan-an ni kó ti lé e bá. Èmi ti kó volt pọ̀ jù sáàárín nẹ́ẹ̀tì onírin méjì àkọ́kọ́, níbi tí ion ti ń gbéra, àárín páìpù ni wọ́n ti ń pàdé, tí wọ́n sì tún ń pínyà. Mò ń dín volt náà kù ní 10, 10, peak ń tín-ín-rín lọ lójú mi, láti bíi 100 nanosecond títí dé 20.

Mo wá tú argon sí i. Pẹ̀lú electron 70 eV (eV la fi ń wọn agbára electron), mo rí 40, mo tún rí kékeré kan ní 20. Kì í ṣe neon o, argon náà ni, electron méjì ló sọnù lára ẹ̀, iná tì í ní ìlọ́po méjì, ìyẹn ló jẹ́ kó yára bí ẹni tí ìwúwo ẹ̀ jẹ́ ìdajì 40. Mo dín agbára electron kù sí 38 eV, 20 wábi gbà, 40 dúró digbí ní tiẹ̀, torí bíi 15.8 eV ti tó yọ electron kan lára argon, àmọ́ kí méjì tó kúrò, ó di bíi 43.4.

Mo pe ọ̀gá wá. Mo gbé agbára electron sókè, 20 yọjú. Mo gbé e wálẹ̀, ó wọlé. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ṣe é lálẹ́ ọjọ́ yẹn.